Ẹkùn Ti Lọ, Ẹran Kò sì Pọ̀ Sí I

Ẹranko kan wà tó jọ ajá, tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú òtútù ilẹ̀ Yúróòpù, Éṣíà àti àríwá Amẹ́ríkà, tó sì máa ń fi àjọṣe pa ẹran tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Kò sí irú rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì dé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìkookò ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ìkookò tí àwọn ọdẹ mọ̀ jẹ́ ẹranko mìíràn pátápátá, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ, tí eyín rẹ̀ ń rún egungun, tí àwọn onímọ̀ sì kà mọ́ ẹbí tó sún mọ́ ológbò ju ajá lọ. Síbẹ̀ ìtumọ̀ náà kò burú, nítorí iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe nínú ayé: wọ́n jẹ́ apẹranjẹ, ìyẹn ẹranko tó jẹ́ pé ẹran ara ẹranko mìíràn ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú igbó dúdú tó yí Ìkirè àti Àpòmù ká nígbà kan, ẹkùn ló di ipò yẹn mú. Àríyànjiyàn tí àwọn òyìnbó ń ṣe lórí ìkookò tiwọn, pé bóyá dídáàbò bò ó ń gba ẹran lọ́wọ́ ọdẹ, ṣeé fi wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí, àfi pé níbí, òdìkejì rẹ̀ ni ìtàn náà gbà.

Ní Amẹ́ríkà, ìbọn, májèlé àti tàkúté ni wọ́n fi lé ìkookò òyìnbó, títí tó fi jẹ́ pé ní 1926 ni wọ́n pa èyí tó kẹ́yìn nínú ọgbà ẹranko Yellowstone, inú àwọn ọdẹ sì dùn, nítorí èrò wọn ni pé ẹran tí ìkookò kò jẹ ni ọdẹ yóò pa. Lẹ́yìn tí òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run jáde ní 1973, èrò yí padà, ìjọba sì kó ìkookò 31 wá láti Kánádà ní 1995 àti 1996, wọ́n tú wọn sílẹ̀ nínú ọgbà náà. Agbo àgbọ̀nrín ńlá tó ń gbé apá àríwá ibẹ̀, irú èyí tí ìwo rẹ̀ ń pẹ̀ka bí igi, tó nǹkan bí 19,000 ní 1994. Nígbà tó di 2013, kò pé 4,000 mọ́. Nọ́ńbà méjì yìí ni àwọn ọdẹ ń gbé kiri gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọn kò sì parọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Béárì ń jẹ ọmọ àgbọ̀nrín náà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀dá dá, òtútù líle mú, àwọn ọdẹ tó ń dúró lẹ́nu ààlà ọgbà sì ń gba ìwé àṣẹ láti pa abo tó lóyún, èyí tó ń dín agbo kù ju pípa akọ lọ. Ní àpapọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ọgbà náà ká, àgbọ̀nrín ńlá kò dín kù bẹ́ẹ̀; ìkookò ń pa ẹran níbẹ̀, ọdẹ ń pa ẹran níbẹ̀, ẹran sì wà. Ní Yúróòpù, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Bern ní 1979 ló dáàbò bo ìkookò, tí iye rẹ̀ fi lé ní 20,000 nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ di Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn darandaran fárígá, ní oṣù Kejìlá 2024 sì ni ìgbìmọ̀ àdéhùn náà dìbò láti dín ààbò rẹ̀ kù ní ipele kan, ìpinnu yẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta 2025.

Kí àríyànjiyàn yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi ikú méjì tí àwọn onímọ̀ ẹranko máa ń yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ikú àfidípò, ìyẹn ni pé ẹran tí apẹranjẹ pa jẹ́ èyí tí ebi, àìsàn tàbí ogbó ìbá pa lọ́dún náà gan-an, tó fi jẹ́ pé bí ẹkùn kò tilẹ̀ pa á, kò ní í rí ọdún tó ń bọ̀. Èkejì ni ikú àfikún, ìyẹn ni pé ẹran tó le koko, tí ìbá wà láàyè kí ó sì bímọ, ni apẹranjẹ mú lọ. Bí ẹtu 100 bá wà nínú igbó kan, tí ẹ̀ẹ̀rùn ìbá pa 20 nínú wọn, tí ẹkùn sì pa 20 ṣáájú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, 80 kan náà ló máa kù bí ó bá jẹ́ pé àwọn aláìlera ni ẹkùn mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé abo tó lóyún ni ó mú, ẹ̀ẹ̀rùn yóò tún gba tirẹ̀ lára àwọn tó kù. Ìkookò àti ẹkùn sábà máa ń mú ọmọ, arúgbó àti aláìlera, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ló rọrùn láti mú, nígbà tí ọdẹ oníbọn máa ń yan èyí tó sanra. Kì í ṣe ìwà rere ló mú ẹranko ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìkà ló mú ọdẹ ṣe tirẹ̀: eyín kì í jìnnà sí ẹnu, ọta ìbọn ń lọ jìnnà.

Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ayé fi gbà pé ọ̀tá ni apẹranjẹ. Nígbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù tó pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́wọ́ péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Karùn-ún 1900 láti ṣe àdéhùn lórí ẹranko ìgbẹ́, àdéhùn tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ilẹ̀ yìí, wọ́n to àwọn ẹran tí wọ́n fẹ́ kí ó pọ̀, wọ́n sì to àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ó dín kù. Kìnnìún, ẹkùn, ìkookò àti ajá igbó wà nínú èyí tó gbọ́dọ̀ dín kù, pẹ̀lú ọ̀nì àti àwọn ejò olóró. Ohun tí wọ́n ń dáàbò bò ni ìdárayá ọdẹ òyìnbó, wọ́n sì rò pé ẹnu ẹkùn ni ẹran ọdẹ ń bá lọ. Ó gba ọdún 75 kí ọ̀rọ̀ tó yí padà tán: nígbà tí àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó ń run bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ẹkùn bọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí òwò rẹ̀ le jù, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn náà láti 1974. Òfin ológun tó tẹ̀ lé e nílé, èyí tó jáde ní 1985, ka pípa ẹkùn léèwọ̀ pátápátá, ó sì fi ₦1,000 ṣe owó ìtanràn ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ẹranko kan náà, ìjọba lórí ìjọba, láti ẹni tó yẹ kí wọ́n pa dé ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, láàárín ìgbésí ayé ọdẹ kan ṣoṣo tó bá dàgbà dáadáa.

Ìkirè àti Àpòmù wà lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, èkejì jẹ́ ti Ìsọ̀kan, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn débi pé àlejò tó jókòó sínú ọkọ̀ lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe Àpòmù gẹ́gẹ́ bí ọjà ńlá tí ará Ifẹ̀, Òwu, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ó sì so ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́ ogun tó tú Òwu ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun kì í lé àgbẹ̀ kúrò lóko kí igbó má padà gba ilẹ̀ rẹ̀, ibi tí ènìyàn bá sì sá kúrò ni ẹtu, túùkú àti ẹkùn ń sá lọ. Nígbà tí ìjọba wá ya igbó sọ́tọ̀ fún igi gẹdú ní agbègbè yìí, orúkọ Àgó-Òwu ni ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tíìkì àti gmelina tí wọ́n gbìn ní tòòtò ti gba ipò igi ìbílẹ̀ ní apá kan rẹ̀. Ní òde igbó ìjọba, kòkó ló gbalẹ̀. Kòkó fẹ́ràn ìbòji, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ fi àwọn igi ńlá kan sílẹ̀, oko kòkó sì lè jọ igbó lójú ẹni tó ń wò ó láti ojú títì, ṣùgbọ́n àbẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ń ro ó, kò sí ibi tí ẹran yóò fara pamọ́ sí tọ́mọtọ́mọ.

Ẹkùn ti di ohun ìtàn níbẹ̀. Ìran ọdẹ tó ń dẹ ìgbẹ́ ní agbègbè yìí lónìí mọ oríkì rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹfọ̀n àti erin. Ẹni tó bá tẹ́tí sí ìjálá, èyí tí Adébóyè Babalọlá ṣe ìwádìí lé lórí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1966, yóò gbọ́ orúkọ àwọn ẹran ńlá tí apohùn ń kì lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìrìn, ohùn àti ìwà wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìwé àkọsílẹ̀ igbó kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Àṣà tún wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá pé ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ bó o jẹ lóko. Ọ̀dọ̀ ọba ni yóò gbé e lọ, ọba ló ni awọ rẹ̀, wọ́n á sì yọ irun imú rẹ̀ dànù nítorí ìgbàgbọ́ pé májèlé ni. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti sọ pé èyí jẹ́ ọ̀nà tí àwọn baba ńlá fi dáàbò bo ẹkùn. Àsọdùn ni. Àṣà tó ń sọ apẹkùn di ẹni iyì lójú ọba àti gbogbo ìlú kò lè jẹ́ àṣà tó ń dá a lẹ́kun. Ohun tó dáàbò bo ẹkùn nígbà náà ni pé igbó gbòòrò, ọdẹ kò pọ̀, ìbọn ṣakabùlà sì máa ń pẹ́ kí ó tó tún ní ẹtù nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti Yellowstone nìyí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé apẹranjẹ ló ń jẹ ẹran ọdẹ tán, ó yẹ kí ẹtu àti àgbọ̀nrín ti kún igbó Ìkirè láti ìgbà tí ẹkùn ti lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó tún ń bá ọdẹ du wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran tó ń dé orí àtẹ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù jẹ́ ọ̀yà àti òkété ní púpọ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì wà nínú oyún wọn. Òkété ń lo nǹkan bí oṣù kan péré nínú oyún, ó sì ń bí bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Oyún ọ̀yà jẹ́ nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó sì lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, bí mẹ́rin ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹtu ń bí ẹyọ kan. Ẹkùn lè bí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn oyún oṣù mẹ́ta àti díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà yóò wà lẹ́yìn ìyá wọn ju ọdún kan lọ, kò sì ní í tún lóyún kí wọ́n tó dá dúró. Ẹni tó bá ń pa ẹran mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà yóò pa ẹkùn run ná, ẹtu á tẹ̀ lé e, ọ̀yà á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa jẹ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo olóko.

Ohun èlò ọdẹ náà yí padà láàárín ìran díẹ̀. Àtùpà kábáàdì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí, kí tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì tó gba ipò rẹ̀, sọ òru di ọ̀sán fún ọdẹ, nítorí awọ dídán kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ẹran òru tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Awọ yìí ló jẹ́ kí ẹran ríran nínú òkùnkùn, òun náà ló sì ń fi í hàn fún ọdẹ láti ọ̀nà jíjìn bí iná kékeré méjì. Tàkúté wáyà, èyí tí wọ́n lè fi okùn ìjánu kẹ̀kẹ́ ṣe, kò ní ìgbà ìsinmi, kò mọ abo yàtọ̀ sí akọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá. Nípa báyìí, ikú láti ọwọ́ ọdẹ di ikú àfikún gidi. Bí ẹkùn tilẹ̀ ti ń pa ẹtu tẹ́lẹ̀, ohun tó ń kó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wáyà àti tọ́ọ̀ṣì ń kó. Èyí nìkan sì ni àìpọ̀ ẹran lẹ́yìn ìlọ ẹkùn lè fi hàn, kò fi hàn pé ẹkùn kò jẹ ẹran rí.

Ìwádìí láti ibòmíràn ní Áfíríkà ti ìdí yìí lẹ́yìn. Philipp Henschel àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣàyẹ̀wò imí ẹkùn nínú igbó Gàbọ́ọ̀nù láti mọ ohun tó ń jẹ, wọ́n sì rí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011, pé bí ẹkùn bá ṣe sún mọ́ abúlé tó ni ẹran tó ń jẹ ṣe ń kéré sí i, nítorí ọdẹ ti kó àwọn ńlá lọ, títí a ó fi dé ibi tí kò tún sí ẹkùn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi igbó ṣì dúró. Ọdẹ kò yìnbọn fún ẹkùn níbẹ̀. Ó kàn gba àwo lẹ́nu rẹ̀. Ní Gánà, Justin Brashares àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àkọsílẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kọ láti 1970 sí 1998 nínú ọgbà ẹranko mẹ́fà, wọ́n sì rí i pé àpapọ̀ ìwúwo irú ẹran 41 tí wọ́n kà ti dín kù ní ìpín 76 nínú 100. Irú ẹranko kan ló ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ọ̀bọ ńlá tí ojú rẹ̀ gùn bí ti ajá: òun ń gbilẹ̀ sí i ni, ní àwọn ibi tí kìnnìún àti ẹkùn ti parẹ́, ó sì ń wọ oko lọ ṣe olóko lófò. Ìtúsílẹ̀ àwọn apẹranjẹ kékeré ni àwọn onímọ̀ ń pe irú nǹkan yìí: nígbà tí ọ̀gá kò sí nínú igbó mọ́, àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ yóò jáde, wọ́n á jẹ ẹyin ẹyẹ, wọ́n á jẹ ọmọ ẹtu, wọ́n á sì wá sí oko. Ọdẹ tó rò pé òun ti rọ́pò ẹkùn gbàgbé pé ẹ̀rù wà nínú iṣẹ́ ẹkùn, kì í ṣe pípa nìkan.

Lójú gbogbo èyí, ó ya ènìyàn lẹ́nu pé orúkọ ẹbí ẹkùn ni àwọn gómìnà mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù mú nígbà tí wọ́n ṣí iṣẹ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2020, tí wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọdẹ síṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹkùn wà lára aṣọ, kò sí nínú igbó. Àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń tọ́jú ẹ̀dá gbé jáde ní 2025 ka ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun, pẹ̀lú ìṣirò pé àgbà tó lè bímọ kò ju nǹkan bí 350 lọ ní gbogbo agbègbè náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábújá fọwọ́ sí àbá òfin tuntun lórí àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run, tí ìyà rẹ̀ wúwo ju ti 1985 lọ dáadáa. Ọdẹ Ìkirè kò ní ìjà pẹ̀lú apá tó kan ẹkùn nínú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà tòótọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ bí ìjọba bá sọ pé kí wọ́n fi ẹtu sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tàbí kí wọ́n máa ká wáyà nílẹ̀ ní àkókò tí ẹran ń bímọ. Níbẹ̀ ni owó iléèwé ọmọ àti ọbẹ̀ alẹ́ wà.

Àyè tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le. Ní igbó Taï ní Ivory Coast, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ rédíò tẹ̀ lé ẹkùn kiri, abo kan ń lo ju 20 kìlómítà níbùú-lóròó lọ fún ara rẹ̀, akọ sì ń lo ju 80 lọ. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, tí a kò gbọdọ̀ dẹ ìgbẹ́ tàbí pẹja tàbí gé igi nínú rẹ̀, tí ọ̀bọ sì ń ṣeré níbẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni, jẹ́ hẹ́kítà 75, kò pé kìlómítà kan níbùú-lóròó. Ó tó fún ọ̀bọ, ó tó fún ẹyẹ, kò lè gba ẹkùn kan ṣoṣo. Odò kan náà tó gba inú igbó yẹn kọjá ló ń ṣàn wá dé ìsédò Asejire, nítòsí Ìkirè, níbi tí àwọn apẹja ti ń ta ẹja tútù fún àwọn tó ń kọjá. Ìwádìí Gánà tún rí i pé ní ọdún tí ẹja bá ṣọ̀wọ́n ni àwọn ènìyàn ń wọ inú ọgbà ẹranko lọ pa ẹran jù lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹtu tó kù ní Àgó-Òwu ní láti ka apẹ̀rẹ̀ ẹja tó ń jáde ní Asejire pẹ̀lú.